Bí Bàbá Sàníù Ṣe Dúnàádúrà Owó Orí

Ọjọ́ tí Bàbá Sàníù kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì owó orí ní Adégbàyí, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò, ó sì sọ iye tó máa san fún un. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ká apá agbádá sórí èjìká, ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́ èyí tẹ́ ẹ pè. Èló lẹ máa gbà jálẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà ń jẹ́ Títíladé. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sí Adégbàyí nígbà náà. Ìyànà Ọ̀fà ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé àwọn tíṣà ìjọ Áńgílíkà, ilé tí wọn kì í ti í pariwo. Bí ìyá rẹ̀ bá lọ sọ́jà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ní kí wọ́n dín owó kù. Bí wọn kò bá dín in, á sanwó, á tún dúpẹ́. Títíladé rò pé etí òun ló tan òun jẹ.

"Bàbá, ẹ má bínú, kí lẹ wí?"

"Mo ní èló lẹ máa gbà jálẹ̀. Èmi kì í fa ọ̀rọ̀ gùn."

"Owó orí ni, bàbá. A kì í ná an."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òfin ni."

Bàbá wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni pé ó ń wá ibi tí Òfin jókòó sí. "Òfin ò sí níbí," ó ní. "Èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà níbí."

Bàbá kò ṣàwàdà o. Ó ní ilé iṣẹ́ gàrí kan létí Erúnmu, ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, tí àwọn obìnrin ti ń yan án. Láti kékeré ló ti ń rà, tó ń tà, kò sì tíì sí iye kan tí ẹnikẹ́ni pè fún un rí tó san bẹ́ẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ gan-an kò jẹ́ gbàgbé bó ṣe dúnàádúrà lórí owó orí ìyàwó rẹ̀, Àjọkẹ́, títí ọbẹ̀ àlejò fi tutù. Nítorí náà, nígbà tó gbọ́ pé ìjọba náà ń gba owó orí, ó rò pé iṣẹ́ tí òun ti ṣe rí ni.

Títíladé tún wo fọ́ọ̀mù náà. Nǹkan kan kò bá a lára mu níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, iye tẹ́ ẹ kọ síbí yìí, èrè yín ni àbí gbogbo owó tẹ́ ẹ pa lórí gàrí lọ́dún tó kọjá?"

"Gbogbo ẹ̀ ni. Ṣé kí n máa purọ́ ni?"

"Èrè ni wọ́n ń bi yín, bàbá. Ó yẹ kẹ́ ẹ yọ ìnáwó yín kúrò."

Ìgbà tí bàbá gbọ́ "yọ kúrò", ojú rẹ̀ là. Ó mọ̀ pé ọlọ́jà ti fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó dà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. "Ẹ wo bí ayé ṣe le tó," ó ní. "Epo dísù tí mò ń rọ sẹ́nu ẹ̀rọ ńkọ́?"

Títíladé bi í pé èló ló ń ná lórí dísù. Ó sọ ọ́. Títíladé kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ ìṣírò, owó wálẹ̀.

Bàbá na ọrùn wo ẹ̀rọ ìṣírò náà. "Àwọn obìnrin tó ń bá mi bó ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Àbí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bó o?"

Títíladé kọ ọ́. Owó tún wálẹ̀.

"Ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ látoko. Àpò tí mò ń rọ gàrí sí. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó já."

Ó kọ gbogbo rẹ̀. Owó ń wálẹ̀ ṣáá. Bàbá kò tíì rí ọlọ́jà tó rọ̀ tó báyìí rí láyé rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí ẹsẹ̀ òsì.

"Orúnkún mi tó ń dùn mí ńkọ́?"

"Orúnkún ò sí níbẹ̀, bàbá."

"Ẹ ò tíì rí i ni." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo gbà pé ó ń dùn yín. Kò kàn sí nínú ohun tá a lè yọ ni."

"Ó dáa, àna mi ńkọ́? Ìgbà tí gàrí bá ti pọ̀ ló ń wá kí wa."

"Àna náà ò sí níbẹ̀."

Bàbá rò ó díẹ̀. "Ẹ bá mi fi ìdajì àna síbẹ̀."

Nígbà tí Títíladé sọ iye tó kù, tí kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, bàbá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ọjà á ná máa ń ṣe. Ó mi orí, ó dìde, ó ní, "Ẹ ò fẹ́ẹ́ tà," ó sì jáde. Ó dúró nínú oòrùn níwájú ọ́fíìsì, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ó ń retí kí wọ́n pe òun padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò ó látojú fèrèsé. Oòrùn mú. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, orí bàbá yọ. Ó ní, "Mo rò pé mo gbọ́ tẹ́ ẹ pè mí."

Ó san án. Wọ́n já rìsíìtì fún un, ó wò ó sí iwájú, ó wò ó sí ẹ̀yìn, ó tẹ́wọ́ sílẹ̀. Títíladé bi í pé kí ló kù. Bàbá ní, "Ènì mi dà?" Kò sí ohun tí ọmọbìnrin náà rí ju kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì lọ, ìyẹn ló sì ká fún un. Bàbá gbé kàlẹ́ńdà náà dé Erúnmu, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, ó ń fi han àlejò pé òun nìkan ni ìjọba fún ní ènì lórí owó orí.

Lọ́dún kejì, Títíladé fẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ó jókòó ti bàbá, ó ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé òun kò dín nǹkan kan fún un, òfin ló ní kí wọ́n yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò, ẹnikẹ́ni tó bá wá ni wọ́n máa yọ ọ́ fún. Bàbá gbọ́ ọ dópin, ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lára. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́, ó ní, "Àṣírí ọjà ẹ ni. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Kí oṣù náà tó parí, ó ti sọ fún gbogbo Erúnmu.

Láti ìgbà náà ló ti sọ Títíladé ní Ìyá Owó Orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin náà kò tíì lọ́kọ, tí orúkọ náà kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹta bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì á máa bi ara wọn bóyá bàbá ti dé. Ìgbà tó bá wọlé, ẹni tó ń jẹun á gbé abọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń lọ sí báńkì á jókòó padà.

Ọdún kan wà tó gbé àpò gàrí kékeré wá fún Títíladé. Títíladé kò gbà á. Ó ní iṣẹ́ ìjọba kò fàyè gbà á, ó ṣàlàyé títí, bàbá kò bínú. Ó gbé àpò rẹ̀ jáde sí fàráńdà, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi tútù àti ike, ó yọ ẹ̀pà àti ṣúgà látinú àpò agbádá, ó sì mu gàrí náà lójú gbogbo wọn, díẹ̀díẹ̀, nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹnu gbogbo wọn ń pomi. Bàbá ní ìjọba sọ pé wọn kò gbọdọ̀ gbà á, ìjọba kò sọ pé òun kò gbọdọ̀ mu ún.

Ọ̀rọ̀ tó le jù láàárín bàbá àti owó orí, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ti wá. Humairah ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni nínú ìlú Ìbàdàn. Ó rí i pé orúnkún bàbá kò fẹ́ ìrìn mọ́, ó fẹ́ ṣe ohun tó dáa. Nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ owó orí wọ orí fóònù rẹ̀, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún bàbá, ó fi fóònù san án lójú ẹsẹ̀. Kò sọ fún bàbá. Ó fẹ́ fi ya bàbá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bàbá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti lọ sí Adégbàyí, ó ti ná tirẹ̀, ó ti san án, ó ti gba kàlẹ́ńdà. Ìgbà tí Humairah fi máa délé lọ́jọ́ Sátidé láti sọ ohun tó ṣe, owó ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá kò bínú pé wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bí i nínú yàtọ̀. Ó bi Humairah pé, "Èló lo san?" Humairah sọ ọ́. Bàbá jókòó. "Iye tí wọ́n pè ni yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ni."

"O ò ná an."

"Orí fóònù ni, bàbá. Ta ni n bá ná an?"

Bàbá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú àṣírí ilé rẹ̀ síta. "Àjọkẹ́, ọmọ tá a tọ́ nílé yìí, iye tí wọ́n pè ló san."

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá ti wà ní Adégbàyí. Títíladé yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òótọ́ ni, owó bàbá ti lé. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè fi owó náà sílẹ̀ kó di ti ọdún tó ń bọ̀, tàbí kí bàbá kọ̀wé kí wọ́n dá a padà. Bàbá ní òun kì í fi owó sílẹ̀ kó máa sùn níbi tí òun kò sí. Ó kọ̀wé. Ó bi Títíladé pé ìgbà wo ni owó máa dé. Títíladé ní ìwé náà máa lọ sí ọ́fíìsì ńlá nínú ìlú, ó lè pẹ́ díẹ̀.

Ó pẹ́. Bàbá kò pariwo. Ohun tó ń ṣe ni pé lóṣooṣù, bó bá ti wá ta gàrí ní Adégbàyí, á yà sí ọ́fíìsì, á jókòó, á sinmi orúnkún rẹ̀.

"Mo ní kí n wá kí owó mi ni," á ní. "Ṣé ara ẹ̀ le?"

Lákọ̀ọ́kọ́, ojú máa ń ti Títíladé, á máa tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá, òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. "Ara ẹ̀ le, bàbá. Ó ní kí n kí yín."

"Wọn ò fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀?"

"Rárá. Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀."

"Bá mi sọ fún un pé ilé ń retí ẹ̀."

Ohun tí Títíladé kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín ní Erúnmu. Bàbá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Roheem, oníṣòwò pákó. Láti ọmọdé ni wọ́n ti jọ wà, láti ọmọdé ni wọ́n sì ti ń jiyàn. Roheem kò san owó orí rí, ó sì ń fi í yangàn. Nígbà tí bàbá sọ níwájú mọ́sáláásí pé ìjọba máa dá owó òun padà, Roheem rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, "Sàníù, wọ́n ti jẹ ẹ́. Wọ́n ti nu ẹnu." Bàbá ní wọn kò jẹ ẹ́. Roheem ní bí owó náà bá lè padà wá, òun fúnra òun máa wọ agbádá lọ san owó orí lọ́jọ́ kejì. Gbogbo àwọn tó kírun tán gbọ́ ọ.

Oṣù ń gorí oṣù. Bí bàbá bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á bi í pé, "Bàbá, owó ti dé?" Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tán, kì í dúró níwájú mọ́sáláásí mọ́. Ilé ló ń lọ tààrà. Humairah ló pe Títíladé lórí fóònù, tó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Àǹtí, bàbá ò jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ ni wọ́n ń rò."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ tí bàbá wá kí owó rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì. Títíladé po tíì fún un. Ó bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́. Ó ní, "Bàbá, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yín ni kì í wá síbí. Ẹnikẹ́ni ò sì lé yín wá. Kí ló dé tẹ́yin fi máa ń wá?"

Bàbá mu tíì díẹ̀. "Bàbá mi sá," ó ní.

Títíladé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Mo kéré nígbà náà. Bí àwọn agbowó orí bá ti wọ abúlé wa, inú igbó obì ni bàbá mi máa ń sá sí. Èmi ni wọ́n ń fi oúnjẹ rán sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ igi, ó ń jẹun, ó ń wẹ̀yìn. Bàbá mi nìyẹn o, tó jẹ́ pé bó bá húkọ́ lásán, gbogbo agbo ilé á pa rọ́rọ́. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo bá òun níbẹ̀. Mi ò sì sọ." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ tèmi, mo sọ fún ara mi pé èmi máa fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá wọn ni, lójú ọ̀sán. Wọ́n á gbé àga fún mi. Mo máa jókòó, mo máa sọ tèmi, wọ́n á sọ tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò ní bá èmi nínú igbó."

Òjò ń lu páànù. Títíladé tún rọ tíì sí ife rẹ̀. Bàbá mu ún tán. Ó nu ẹnu, ó ní, "Ó dáa. Owó mi ńkọ́? Ó ti jẹun?"

Lọ́jọ́ kejì, Títíladé gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ńlá nínú ìlú. Ó jókòó níbẹ̀ títí wọ́n fi wá ìwé bàbá rí láàárín àwọn tó tò jọ. Ó tún lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan bi í níbẹ̀ pé ṣé bàbá rẹ̀ ni Sàníù yìí ni. Ó ní rárá. Nígbà tó ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ó rí i pé ìdáhùn náà kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Owó náà wọ báńkì. Humairah ló kọ́kọ́ rí i lórí fóònù, ó sáré pe bàbá. Bàbá ní, "Ṣé ìjọba ló fi ránṣẹ́, àbí ìwọ lo fi owó ẹ ránṣẹ́ kí ojú má baà tì mí?" Humairah búra. Bàbá kò gbà. Ó wọkọ̀ lọ sí Adégbàyí, ó ní kí Títíladé fi ojú òun rí i. Títíladé fi hàn án lórí kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀, iye náà, ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Bàbá fi ìka tọ iye náà lórí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Gbogbo ẹ̀?" ó ní nígbẹ̀yìn.

"Gbogbo ẹ̀, bàbá."

"Wọn ò yọ nǹkan kan?"

"Wọn ò yọ nǹkan kan."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó jókòó dáadáa lórí àga. "Èlé ẹ̀ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì gan-an ló mú Roheem dé. Roheem wọ agbádá tó fi ń lọ Yídì, ó ń làágùn bí ẹni tó fẹ́ kéde ẹ̀bi rẹ̀ ní kóòtù. Bàbá ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rù, òun tí òun mọ ibẹ̀ máa bá a ná an. Títíladé bi Roheem nípa òwò rẹ̀. Roheem ní òwò ti ṣe bí ẹni kú, pákó kò tà, agbára káká ni òun fi ń jẹun.

"Irọ́ ni," Bàbá Sàníù ní. "Pákó ẹ̀ kún dé etí títì. Lánàá gan-an, ọkọ̀ ńlá kan já a síbẹ̀."

Roheem yíjú sí i. "Sàníù, ṣé ìwọ lo ní o máa bá mi ná an?"

"Èmi ni. Jẹ́ n ráyè." Ó kọjú sí Títíladé. "Ó tún ní mọ́tò kan tó fi ń gbé e. Àmọ́ mọ́tò náà ti gbó, ẹ bá a yọ àtúnṣe ẹ̀."

Títíladé ń di ẹ̀rín mọ́ra. "Bàbá, ta lẹ wá gbèjà níbí gan-an?"

"Ẹni tó bá járe," bàbá ní.

Roheem san owó orí àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń kùn láti Adégbàyí dé Erúnmu pé ọ̀rẹ́ ló ta òun. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó rọra padà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó bi Títíladé pé ṣé kò ní kàlẹ́ńdà fún òun náà.

Ọdún tó gbẹ̀yìn, bàbá dé pẹ́. Ọ̀pá ló fi wọlé, Humairah sì di apá rẹ̀ mú. Ó ti rù, agbádá ń ṣe fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Títíladé yẹ fọ́ọ̀mù wò, ó sọ iye náà, ó dúró. Bàbá ní, "Ó dáa," ó sì kó ọwọ́ sí àpò.

Gbogbo òṣìṣẹ́ gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Títíladé fi ọwọ́ di ti bàbá mú kó tó yọ owó jáde. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ dísù."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dísù wà níbẹ̀."

"Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ọkọ̀? Àpò?"

"Kọ wọ́n."

Ó ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́, owó ń wálẹ̀. Nígbà tó tán, Títíladé gbé kálámù sókè, ó wo ojú bàbá. "Orúnkún ńkọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi," ó ní. "Orúnkún ò sí níbẹ̀."

Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, bàbá ti kú. Ojú oorun ló ti lọ.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Títíladé wọkọ̀ lọ sí Erúnmu. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Wọ́n ta tapólì síwájú ilé, wọ́n ti ṣe àdúà fìdáù tán, ọ̀rọ̀ bàbá ni gbogbo ènìyàn ń sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Roheem jókòó láàárín wọn, ó ń sọ ti ara rẹ̀. Ó sọ ọ́ débi tí Sàníù ti tú u fó, ẹ̀rín kún gbogbo ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun alára kò lè sọ ọ́ tán. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo pákó òun.

Humairah mú Títíladé wọ inú ilé lọ bá ìyá rẹ̀. Màmá Àjọkẹ́ jókòó sórí ẹní pẹ̀lú ìborùn funfun. Títíladé kúnlẹ̀, ó kí i, ó sì fẹ́ ṣàlàyé ẹni tí òun jẹ́.

"Jókòó, ọmọ mi," màmá ní. "Mo ti mọ̀ ẹ́. Kó o tó wọlé yẹn, bó o ṣe kí wọn níta, mo ti ní ìwọ nìyẹn."

"Màmá, a ò tíì ríra rí."

"A ò ríra. Ohùn ẹ ni mo mọ̀." Màmá tún ìborùn ṣe. "Lọ́dọọdún tó bá ti Adégbàyí dé, kì í jẹun o. Á ní kí n jókòó. Á dúró sáàárín pálọ̀ níbí, á ṣe tiẹ̀, á tún ṣe tìẹ. Tìẹ gan-an ló máa ń pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Á sọ ara ẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, á na ọrùn, á rọ ohùn. Mo máa ń bi í pé ṣé ọmọ náà kì í pariwo ni. Á ní rárá, ilé ire ni wọ́n ti bí i."

Títíladé bú sẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í. "Kí ni wọ́n ní mo máa ń sọ?"

"Púpọ̀. Àmọ́ èyí tó fẹ́ràn jù ni ìgbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà yín, tó ń gun àtẹ̀gùn."

Títíladé kò rántí pé òun ń sọ nǹkan kan lórí àtẹ̀gùn. Ó bẹ màmá pé kó ṣe é bí bàbá ṣe ń ṣe é. Màmá Àjọkẹ́ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kì í ṣe eléré. Ó wo ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó na ọrùn, ó di ọwọ́ méjèèjì níwájú, ó mú ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó ní:

"Ẹ káàbọ̀, bàbá mi. Ẹ rọra o. Ẹ di ọwọ́ mi mú."

Títíladé ń retí láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Kò gbọ́ ọ. Ohùn bàbá ló gbọ́, bó ṣe ń gbìyànjú láti rọ̀ ọ́, bó ṣe ń ha díẹ̀ níparí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí omi náà máa bọ́.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Màmá Àjọkẹ́ tún ìborùn ṣe, ó na ọrùn, ó sì tún un ṣe.